Páráṣúùtù Eré fún Àwọn Ọmọ Tí Ara Wọn Kì í Balẹ̀: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tó Ti Máa Ń Ya

Ẹ kó ọmọ 30 lọ sí pápá. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, ọmọ 15 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa sáré, kí wọ́n sì máa gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ń lo ìṣẹ́jú àáyá 20 láti lọ àti láti bọ̀, ẹni tó sáré tán yóò dúró fún ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 kó tó tún kàn án. Ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ á dúró. Èyí tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ á ti ti ẹni iwájú, á ti fa aṣọ ẹni ẹ̀yìn, ìjà á ti bẹ́ sílẹ̀, tíṣà á sì ti ní kó lọ kúnlẹ̀ lábẹ́ igi. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á máa sọ pé ọmọ yìí kò ṣeé mú lọ sí pápá. Bẹ́ẹ̀ eré tó sá fún ìṣẹ́jú àáyá 20 yẹn dára. Ìdúró ni kò lè dúró.

Àìlè dúró de kí ó kan ẹni wà lára àwọn àmì tí dókítà máa ń wò kó tó sọ pé ọmọ ní ADHD, ìyẹn ipò tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí kó fara balẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí a fi ohun tí ọmọ kò ní ṣe owó ìwọlé sí pápá. Nítorí náà, ìbéèrè kan la fi ń wọn ohun èlò eré kí a tó ní kí ilé-ìwé náwó lé e: bí a bá lò ó, ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ yóò fi dúró lásán? Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún kíláàsì irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, páráṣúùtù eré ló dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa jù. Ó tún ní àléébù tí àwọn tó ń tà á kì í kọ sára báàgì rẹ̀.

Aṣọ róbótó fẹ́lẹ́ ni, pólíẹ́sítà tàbí náílọ́ọ̀nù, tí wọ́n gé ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n sì rán pọ̀ bí agboòrùn tí a yọ irin inú rẹ̀. Ihò wà láàárín rẹ̀ tí àwọ̀n bò. Ọwọ́ ìdìmú yí etí rẹ̀ ká. Gbogbo ọmọ á dúró yíká, wọ́n á dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á sọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á mì ín bí ìgbì omi. Kò sí ẹni tó ń wá ní ipò kìíní, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń yọ kúrò.

Àwa tí a ṣe ẹkùn mẹ́ran ní kékeré mọ agbára tó wà nínú kí ọmọ tò yíká. Nínú òbìrìkìtì ẹkùn mẹ́ran, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀: gbogbo wọn ló ń ṣọ́ ewúrẹ́, gbogbo wọn ló ń dí ẹkùn lọ́nà. Ibi tí eré náà ti máa ń le fún ọmọ oníjàgídíjàgan ni ọwọ́ tí wọ́n so pọ̀. Àwọn ọmọ kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, pàápàá àwọn tó ní autism, ìyẹn ipò tó máa ń mú kí bíbá èèyàn ṣe pọ̀ ṣòro fún ọmọ. Àwọn mìíràn á fún ọwọ́ ẹnì kejì títí yóò fi ké. Páráṣúùtù gba òbìrìkìtì náà kalẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ọwọ́. Aṣọ ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá fà á, gbogbo wọn ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ tí kò tíì lè bá ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan pọ̀ ti ń bá wọn ṣe é nìyẹn.

Ohun kejì tí aṣọ yìí ń ṣe ni pé ó ń fún apá ní iṣẹ́. Láti gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí a sì tún fà á wálẹ̀, ó gba agbára èjìká, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀. Àwọn occupational therapist, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìlera tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti lè ṣe nǹkan ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ara wọn kì í balẹ̀ máa ń fi fífà, títì àti gbígbé ẹrù sínú ètò wọn, nítorí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wá nǹkan tí ara wọn yóò rọ́ mọ́. Bí wọn kò bá rí i, ara ẹlòmíràn ni wọ́n ń rọ́ mọ́. Ọwọ́ tó sì di ìdìmú kò ráyè gbá ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹ̀kẹta: aṣọ náà fúnra rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Bó bá lọ sókè, kò ní ṣàì wálẹ̀. Tíṣà kò nílò láti máa pariwo “ó tó!” Ìdádúró ti wà nínú eré náà, ọmọ á sì fojú rí i bó ṣe ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á ra èyí tó tóbi jù nítorí ó dùn ún wò nínú àwòrán. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn mítà 3.66 láti etí kan sí èkejì, etí rẹ̀ yíká jẹ́ mítà 11 àti ààbọ̀. Bí ọmọ 12 bá dì í mú, àyè sẹ̀ǹtímítà 96 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, mítà 6.1, etí rẹ̀ jẹ́ mítà 19 ó lé díẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé ó gba ọmọ 24, òótọ́ sì ni pé wọ́n lè rí ibi dì mú, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 80 ló máa kàn wọ́n. Fún kíláàsì lásán, ìyẹn tó. Fún ọmọ tó ń bínú bí ìgbúnwọ́ ẹlòmíràn bá kàn án, mítà kan ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí náà ẹ ka 10 sí 11 fún ti ẹsẹ̀ bàtà 12, àti 18 sí 19 fún ti ẹsẹ̀ bàtà 20.

Kí ọmọ kéré jù náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọmọ 8 bá di ti ẹsẹ̀ bàtà 20 mú, àárín aṣọ á wọlẹ̀, kò ní gbéra, apá á ro wọ́n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lẹ́bi. Ibẹ̀ ni èébú ti ń bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì àkànṣe tó ní ọmọ 6 sí 10, ti ẹsẹ̀ bàtà 12 ni kó rà, kó má wo òmíràn. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílé lè ra ti ẹsẹ̀ bàtà 6, òun àti àwọn ọmọ á sì dì í mú pọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú u jáde nínú báàgì. Ẹ wo etí rẹ̀: ó yẹ kí okùn pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ báàgì ilé-ìwé, yí gbogbo etí náà ká láìjá, kí ọwọ́ ìdìmú sì wà lára okùn yẹn. Bó bá jẹ́ ara aṣọ lásán ni wọ́n rán ìdìmú mọ́, yóò fa aṣọ ya láìpẹ́, nítorí ojú kan ni gbogbo agbára ọmọ náà ń lọ. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ níbi tí ìdìmú ti lẹ̀ mọ́ okùn: ó yẹ kí wọ́n rán an ní igun mẹ́rin, kí wọ́n sì fa ìlà méjì kọjá láàárín bí àmì X. Ojúrán tó wà láàárín àwọ̀ kan sí èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n rán an. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì di ìdìmú tó kọjú síra wọn mú, kí wọ́n fà á dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ tí òwú ń já, ẹ dá a padà.

Ibi tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni àwọ̀n àárín. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń ya á bí kò ṣe ẹsẹ̀: bí aṣọ bá wà nílẹ̀, ọmọ kan á sá kọjá láàárín rẹ̀, àtàǹpàkò á há sínú àwọ̀n, ó di fàá. Ẹ ṣe òfin kan ṣoṣo ní ọjọ́ kìíní pé a kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Bó bá ya, kí télọ̀ má fi àwọ̀n ẹ̀fọn dí i, kò ní pẹ́. Àwọ̀n tó le, irú tó wà lára àpò ìkó-bọ́ọ̀lù, ló yẹ ibẹ̀.

Ewu tó tóbi jù lọ wà lára ọwọ́ ìdìmú fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti ki ọrùn ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, àwọn yòókù á ṣì máa fà, wọ́n á wọ́ ọ nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ tàbí èjìká sì lè yẹ̀. Ìka ni wọ́n ń fi dì í mú, àtàǹpàkò lábẹ́. Ọmọ tí kò bá lè rántí èyí, ẹ ní kó ká etí aṣọ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó di ibi tó ká mú, kó fi ìdìmú sílẹ̀ pátápátá. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí gbogbo wọn máa ṣe é.

Atẹ́gùn náà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní pápá gbalasa, páráṣúùtù ẹsẹ̀ bàtà 20 lè gba atẹ́gùn lójijì, kó sì fa ọmọ kékeré lọ. Bí ewé orí igi bá ń mì láìdáwọ́ dúró, ẹ má tú u. Gbọ̀ngàn ló dára jù, tàbí àárín ilé méjì tí atẹ́gùn kò gbà dé. Ilẹ̀ kọnkéré kò burú bí ẹ kò bá ṣe eré tí wọ́n ń sá kọjá lábẹ́ aṣọ. Ariwo rẹ̀ náà ńkọ́? Pólíẹ́sítà máa ń pariwo pàràpàrà bí wọ́n bá ń mì ín gan-an, ọmọ tí ariwo máa ń dà láàmú lè di etí kó sì sá lọ. Ìyẹn kì í ṣe àìgbọràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kí ọmọ náà sì wà níbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà.

Bí a ṣe ń lò ó fún ìṣẹ́jú 25 ló ń sọ bóyá owó náà ṣe é rà. Kí àwọn ọmọ tó dé, ẹ ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ẹ sì ti fi àmì rọ́bà pẹlẹbẹ yí i ká, ọ̀kan fún ọmọ kan. Ọmọ tó ń wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi tí òun yóò dúró láìbéèrè. Àwọn méjì tó máa ń bá ara wọn jà, ẹ má fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ má sì fi wọ́n kọjú síra, nítorí ojú ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrìkìtì sí àárín wọn, kí ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ sì wà lọ́tùn-ún àti lósì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó le jù ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Ìjókòó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀ sábẹ́ aṣọ, wọ́n á mì ín díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni tíṣà nílò ní gbogbo ìgbà: “Dì í mú. Gbé e. Sọ̀ ọ́.” Gbólóhùn gígùn ń sọnù létí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á dìde, wọ́n á ṣe eré olú: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé aṣọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà títí yóò fi wú bí olú tó hù lẹ́yìn òjò, wọ́n á sì dúró wò ó bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó.

Níbi olú yìí ni wàhálà àkọ́kọ́ ti máa ń yọjú. Tíṣà á ka “ení, èjì, ẹ̀ta,” ọmọ tí kò lè dúró á ti gbé e ní “èjì.” Aṣọ á gbéra ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní wú, àwọn yòókù á pariwo mọ́ ọn. Bí ẹ bá bá a wí, ẹ ti sọ páráṣúùtù di ìlà ìdúró mìíràn. Ẹ fi kíkà sílẹ̀. Ẹ lo ìlù, kí wọ́n gbé e bí ìlù bá dún lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kí ẹ ní kí ọmọ náà gan-an máa kà. Ẹni tó ń kà kò lè ṣáájú ara rẹ̀.

Gúgúrú ló kàn. Ẹ da bọ́ọ̀lù fóòmù 6 sórí aṣọ, kí wọ́n mì ín fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n wo iye tó ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Kíláàsì pátá ló ń bá iye àná wọn díje, ẹnì kan kò bá ẹnì kan díje. Ẹ má kọjá bọ́ọ̀lù 10, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá pọ̀ jù nílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ sílẹ̀ láti lọ gbá a. Ẹni méjì ni kó máa ṣa bọ́ọ̀lù, a sì máa ń fi iṣẹ́ yìí fún ọmọ tí ìdúró lójú kan ti sú. Ó ti ráyè sáré, kò sì já kúrò nínú eré.

Lẹ́yìn gúgúrú, orí gbogbo wọn ti gbóná. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí tíṣà lọ tààrà sí eré pípààrọ̀ àyè lábẹ́ aṣọ. Ọmọ méjì á sáré, aṣọ á bò wọ́n lójú, wọ́n á forí sọ ara wọn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò bínú síra wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan ìgbì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sí àárín. Pípààrọ̀ àyè náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yìn òbìrìkìtì ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe abẹ́ aṣọ. Ìgbà tí wọ́n bá wá ń gba abẹ́ rẹ̀, ẹ pe ẹni méjì péré nígbà kan, kí wọ́n máa rìn. Ti ẹsẹ̀ bàtà 12 kì í pẹ́ lókè, ìṣẹ́jú àáyá bíi 3 ni, nítorí náà kí àwọn tó kù gbé apá sókè títí tí àwọn méjèèjì yóò fi jáde. Fífi aṣọ sílẹ̀ kó fò náà dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, wọ́n á sá wọ abẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ fi ìyẹn dúró dìgbà tí wọ́n bá ti mọ aṣọ náà dáadáa.

Yíyí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ yí etí aṣọ ká, a kò fọwọ́ sí i fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó nílò kí ọmọ wo bọ́ọ̀lù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó sì sọ apá sílẹ̀ ní àkókò gan-an. Ọmọ tó bá pàdánù á rí i pé gbogbo èèyàn ń wo òun.

Ọmọ kan wà tí yóò máa fa aṣọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà títí àwọn yòókù yóò fi máa kùn. Agbára tó wà lára rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kó wọ́ ẹní ìdárayá wá, kó gbé àpò bọ́ọ̀lù. Bó bá dé ibi aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti rọ̀.

Ohun èlò mẹ́ta ló yẹ kó bá páráṣúùtù rìn, a ó sọ̀rọ̀ wọn ní ṣókí. Àmì rọ́bà pẹlẹbẹ, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23, sàn ju kóònù lọ. Kóònù tó dúró gangan á di fìlà, á di fèrè, á di òkò. Èyí tó tẹ́jú nílẹ̀ kì í pe ọmọ síra rẹ̀, àmọ́ ẹ rí i dájú pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Bọ́ọ̀lù fóòmù tó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ni kí ẹ rà. Èyí tí kò ní awọ, èékánná á máa já a wẹ́wẹ́, á sì máa mu omi.

Ẹ̀kẹta ni aago tó ń fi àkókò han ojú. Time Timer, tí Jan Rogers dá sílẹ̀ ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà ní 1994 fún ọmọ rẹ̀ tó máa ń béèrè iye àkókò tó kù, ló gbajúmọ̀ jù. Àwọ̀ pupa kan ló ń dín kù bí àkókò ti ń lọ, ọmọ tí kò mọ aago kà náà á rí i. Fún kíláàsì inú ilé, a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Fún pápá, ó ní ìṣòro: lórí èyí tó jẹ́ ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú 2 kò ju ìgun kékeré kan lọ, ìdá kan nínú 30 ojú aago, ọmọ tó wà ní mítà márùn-ún kò ní rí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún eré, kó wá irú tó jẹ́ ìṣẹ́jú 5. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè gún ihò sí ìdérí ìgò lítà kan àtààbọ̀, kó kún un ní iyanrìn gbígbẹ tí a sẹ́, kó dojú rẹ̀ délẹ̀, kó sì fi aago fóònù wọn bó ṣe ń pẹ́ tó. Kó máa fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ìṣẹ́jú 2.

Páráṣúùtù náà, télọ̀ àdúgbò lè rán an, a sì rò pé èyí tí télọ̀ tó mọṣẹ́ bá rán lè lágbára ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wọlé lọ. Ẹ ra náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń rán agboòrùn àti ẹ̀wù òjò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 60, àwọ̀ mẹ́rin, yáàdì kan àtààbọ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yáàdì 6 ni gbogbo rẹ̀. Nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí télọ̀ gé ègé kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 127 tí orí rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, kí ó jẹ́ pé àárín aṣọ gan-an ló ti gé e. Ègé gígùn méjì tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dojú wọn kọ òdìkejì, kí ó rán etí títọ́ wọn pọ̀, yóò di ègé kejì; kí ó gé ohun tó bá lé kúrò kí ó lè bá ti àkọ́kọ́ mu. Ègé 8 nìyẹn, àwọ̀ kan náà á sì kọjú sí ara rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2 ni ojúrán. Bó bá rán wọn pọ̀, ẹ ó ní páráṣúùtù mítà 3.2 tí ihò bíi sẹ̀ǹtímítà 30 wà láàárín rẹ̀. Etí rẹ̀ yíká kò ju mítà 9.8 lọ, nítorí náà yáàdì 14 okùn ọwọ́ báàgì á tó fún etí àti fún ìdìmú 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Òwú pólíẹ́sítà ni kó lò. Òwú kọ́tìnnì á jẹrà. Ọmọ 9 tàbí 10 ló gbà; ẹni tí ìdìmú kò bá kàn á ká etí aṣọ dì mú.

Kí aṣọ pẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ sì sá a síbi òjìji, nítorí oòrùn máa ń pa àwọ̀ náílọ́ọ̀nù, ó sì ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó rọrùn láti ya. Ẹ má ká a sínú báàgì pẹ̀lú ìrì.

Nǹkan kan wà tí a fẹ́ sọ gbangba fún àwọn olórí ilé-ìwé. Bí ẹ bá ra páráṣúùtù, tí ẹ sì ń fi yíyọ ọmọ kúrò ní pápá ṣe ìyà fún ohun tó ṣe ní kíláàsì ìṣirò, owó yín ṣòfò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìdárayá tó ń mú ọkàn lù kìkì fún ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kò sì yọ alágídí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, kọ ọ́ ní 2013 pé kò yẹ kí a gba àkókò ìsinmi eré lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìyà tàbí nítorí iṣẹ́ kíláàsì. Ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ tí wọ́n tún dá jókòó, tìtorí àìbalẹ̀ yẹn náà ni yóò fi ṣẹ̀ ní ọ̀sán.

Fún àwọn tó fẹ́ kí eré náà di ẹ̀kọ́ ìwà, ìlànà Don Hellison, tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois ní Chicago, bá páráṣúùtù mu dáadáa. Ìpele márùn-ún ló tò: bíbọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ àti ìmọ̀lára ẹlòmíràn, kíkópa pẹ̀lú ìsapá, dídarí ara ẹni, ríran ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti gbígbé ìwà náà lọ sílé. Ẹ má kó o fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ti tó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀: “Mi ò tẹ aṣọ, mi ò fa ti ẹlòmíràn.” Ní ìparí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé àtàǹpàkò sókè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sísàlẹ̀ láti sọ bí òun ti ṣe lónìí. Kí tíṣà má jiyàn ìdáhùn rẹ̀. Ọmọ tó gbé e sókè lọ́jọ́ tó fa wàhálà, ẹ bi í pé kí ló ṣe dáadáa, ẹ gbọ́ ọ tán.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti kíkó aṣọ sínú báàgì, ẹ má sì jẹ́ kí tíṣà nìkan ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ. Wọ́n á máa fa etí rẹ̀ sọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa rìn lọ sí àárín, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, títí yóò fi di òkìtì kékeré láàárín wọn. Ọmọ tó kọ̀ láti di aṣọ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ń wo gbogbo rẹ̀, òun ni kí ẹ fún ní báàgì. Kó ya ẹnu rẹ̀, kó máa gbà á wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó ya ẹnu báàgì kó sì di ìdìmú kan mú.